Bí Mọ́nítọ̀ Kò Bá Mú Àwòrán Jáde: Ẹ Má Tètè Sọ Pé Kọ̀ǹpútà Ti Kú

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lé irinṣẹ́ kan tí àwọn kan nínú yín fi owó wọn rà fún àwọn ọmọ tí a jọ ń tọ́jú, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi. Nínú ilé kan tí a gbé e lọ, àwọn ọmọ tàn án lọ́jọ́ kan, ojú mọ́nítọ̀ sì ṣókùnkùn biribiri. Ọmọ tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ni gbogbo ilé di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní ó ti bà á jẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi da aṣọ bò ó, ọmọ náà kò sì sún mọ́ tábìlì yẹn mọ́. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí ohun tó jó, kò sí ohun tó kán. A ó sọ ohun tí a rí tí a bá débẹ̀.

Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti pilẹ̀ kọ̀ǹpútà yìí, ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tà á fún aráyé. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ju káàdì báǹkì lọ ní fífẹ̀. Kò ní mọ́nítọ̀ tirẹ̀, mẹ́mọ́rì káàdì tí a ń kì bọ ìdí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Níbí ló ti yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà ńlá. Kọ̀ǹpútà ńlá yóò kọ nǹkan sójú mọ́nítọ̀ kódà bí inú rẹ̀ bá ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn Raspberry Pi tó jáde ṣáájú ọdún 2019 kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan bí wọn kò bá tíì ka káàdì. Nítorí náà, òkùnkùn kan náà ni ẹ ó rí, yálà iná ni kò tó, tàbí káàdì ló bàjẹ́, tàbí mọ́nítọ̀ ni kò gbọ́ tirẹ̀.

Ara bọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iná kékeré méjì wà níbẹ̀, pupa àti aláwọ̀ ewé (ọ̀kan ṣoṣo ni ti Raspberry Pi 5, òun ló ń yí àwọ̀ padà). Iná pupa ń sọ pé agbára iná dé. Volt 5 ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń fà yàtọ̀: ṣájà ampere 2.5 ló yẹ Raspberry Pi 3, ti 4 jẹ́ ampere 3, ti 5 sì jẹ́ ampere 5. Ṣájà fóònù tí a rà lẹ́bàá títì lè kọ volt 5 sára kó má lè gbé e. Lórí Raspberry Pi 2 àti 3, iná pupa náà máa ń kú tí agbára bá ti lọ sísàlẹ̀ volt 4.63. Tí ó bá ń tàn tó ń kú, ebi ló ń pa á. Wáyà gígùn tó tín-ín-rín náà máa ń jẹ nínú agbára kó tó débẹ̀, nítorí náà ẹ pààrọ̀ wáyà àti ṣájà kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun mìíràn.

Iná aláwọ̀ ewé ń sọ pé ó ń ka káàdì. Tí ó bá ń ṣẹ́jú wúruwùru láìní òǹkà, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mọ́nítọ̀ ni kí ẹ kọjú sí. Tí kò bá ṣẹ́jú rárá, káàdì kò jókòó dáadáa tàbí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Tí ó bá ń ṣẹ́jú ní òǹkà, tó dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ kà á: 4 túmọ̀ sí pé kò rí fáìlì start.elf, 7 sì túmọ̀ sí pé kò rí kernel. Ìṣòro káàdì ni méjèèjì.

Ẹ pa iná kí ẹ tó yọ káàdì. Ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ó rí àwọn fáìlì díẹ̀ níbẹ̀, config.txt sì wà lára wọn. Windows lè sọ pé apá kan káàdì náà kò dára, kí ẹ jẹ́ kí òun fọ̀ ọ́. Ẹ má gbà fún un o! Apá tí Windows kò mọ̀ ọ́n kà ni, kò bàjẹ́. Tí káàdì bá bàjẹ́ lóòótọ́, Raspberry Pi Imager ni a fi ń kọ ọ́ tuntun, ṣùgbọ́n yóò nu gbogbo iṣẹ́ àwọn ọmọ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ sì rántí pé káàdì tí a kọ ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2023 kò lè gbé Raspberry Pi 5 dìde.

Ó wá ku mọ́nítọ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà jẹ́ ti VGA, HDMI sì ni bọ́ọ̀dù yìí ń lò. Wáyà lásán tó ní HDMI lápá kan, VGA lápá kejì, kò lè ṣe é. Èyí tó ní ẹ̀rọ ìyípadà nínú ni kí ẹ rà. Ẹ tẹ bọ́tìnì ara mọ́nítọ̀ títí yóò fi bọ́ sórí HDMI. Raspberry Pi 4 àti 5 ní ihò HDMI méjì; èyí tó sún mọ́ ihò iná ni kí ẹ lò. Tí àwòrán bá wà tẹ́lẹ̀ tó kàn ṣókùnkùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, oorun ló ń sùn. Ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù.

Ohun tí a rí ní ilé yẹn nìyí. Raspberry Pi 3 ni tiwọn. Tí irú rẹ̀ bá ń dìde, ó máa ń wá mọ́nítọ̀ lórí HDMI lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá bá a, yóò kọjú àwòrán sí ihò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, kò sì ní padà wá. Ọmọ náà ń tan bọ́ọ̀dù kó tó tan mọ́nítọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé mọ́nítọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, àwa tí a gbé e wá ló sì yẹ kó sọ ọ́. A bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tan méjèèjì, mọ́nítọ̀ ṣíwájú, àwòrán sì jáde.

Kó má tún ṣẹlẹ̀, a kọ hdmi_force_hotplug=1 sínú config.txt lórí ìlà tirẹ̀. Lórí ètò tó jáde láti ìparí ọdún 2023, ìlà yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́, inú cmdline.txt ni a ti ń fi video=HDMI-A-1:1024x768@60D kún ìparí ìlà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àlàfo kan láàárín.

Ẹ̀yin tí ẹ bá tún fẹ́ fi irú rẹ̀ ta àwọn ọmọ lọ́rẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ṣájà tirẹ̀ gan-an àti káàdì kejì tí a ti kọ sílẹ̀ kún un.