Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN Ọ̀DỌ́ ÌJỌ: ÌMỌ̀RÀN TA NI ÌWỌ Ń GBÀ?

Ibi kíkà: 1 Ọba 12:1–16, Òwe 1:10–19



Ẹ rántí Rehobóámù ọmọ Sólómọ́nì. Àwọn àgbà ní kí ó fi ohùn tútù dá àwọn èèyàn lóhùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà sọ èyí tí ó dùn mọ́ ọn nínú. Tiwọn ló gbà, ẹ̀yà 10 sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Lónìí, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti ń gba ìmọ̀ràn ẹgbẹ́. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2004, WhatsApp dé ní 2009, TikTok sì tẹ̀ lé wọn. A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n. Ọmọ tó wà ní Kútọnu ń fi í kí ìyá rẹ̀ ní Kétu, a sì ń fi í bẹ àdúrà fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Owó ìpolówó ọjà ni Facebook àti TikTok ń jẹ. Bí ojú rẹ bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni owó wọn ń pọ̀ tó. Nítorí náà, ohun tí o bá tẹjú mọ́, irú rẹ̀ náà ni wọn yóò tún gbé wá. Wọn kò ní sọ fún ọ pé, "Ọmọ mi, ó tó, lọ sùn." Ẹgbẹ́ Rehobóámù gan-an nìyẹn!

Ní 2023, olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ọ̀dọ́ tó ń lo ju wákàtí 3 lọ níbẹ̀ lójúmọ́, ewu ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tiwọn jẹ́ ìlọ́po méjì.

Ewu mìíràn tún wà. Ọmọ rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò olówó ńlá, kò rí ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, a mọ àwọn tí wọ́n ń pè ní "gaïman," tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì. Òfin ti 20 oṣù kẹrin 2018 fi ẹ̀wọ̀n sí i, ọ̀dọ́ púpọ̀ ló sì ti bá a lọ. Aṣọ funfun tí a wọ̀ lọ́jọ́ ìsìn kò lè bo iṣẹ́ òru mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ohùn tútù ni àwọn àgbà ìgbà náà dá lámọ̀ràn. Bí ọmọ bá mú ọ̀rọ̀ ìtìjú wá, tí ẹ bá jágbe mọ́ ọn, inú fóònù náà ni yóò padà sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun tí a ó máa ṣe:
1. Kí fóònù má bá wa wọ ibi àdúrà, kí ó má sì bá wa sùn.
2. Kí ọ̀dọ́ tó fi owó tàbí àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀, kí ó kọ́kọ́ fi han àgbà kan.
3. Kí òbí jókòó ti ọmọ, kí ó ní kí ó fi ohun tí ó ń wò han òun, láìsí ìbínú.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ fi dùn mọ́ Rehobóámù? Àgbà wo ni ìwọ lè fi fóònù rẹ hàn láìbẹ̀rù?

Kí Olúwa fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní etí ìgbọ́ràn, kí ó fún àwa àgbà ní ohùn tútù. Àmín. Halelúyà!