Ẹ Wo Eyín Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Náwó

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó níbi tó yẹ kí owó náà gbà. Mo ti rí ilé tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìpokọfí olówó gọbọi sí, tó ń dán yinrin, tó sì jẹ́ pé kọfí tí wọ́n ti lọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀. Owó ti bọ́ sọ́nà tí kò tọ́. Òórùn dídùn inú kọfí kì í dúró pẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti lọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mu kọfí gidi nílé, ìbáà ṣe ti Òkè Mambilla tàbí ti agbègbè Kábbà, kóró ni kó rà, kó sì máa lọ ìwọ̀n tó fẹ́ mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọkọfí ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá.

Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ní abẹ tó ń yí gẹ́gẹ́ bíi ti bíléńdà. Èkejì ní eyín méjì tó kọjú síra. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: èyí tó ní abẹ kò dára fún kọfí. Gígé ló ń gé kóró, kì í lọ̀ ọ́. Apá kan á ti kúnná lẹ́búlẹ́bú, apá kan á ṣì wà ní ẹ̀là ńláńlá. Bí omi gbígbóná bá kàn wọ́n, èyí tó kúnná á tú gbogbo ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, títí kan ìkorò; èyí tó tóbi kò ní tíì tú tán, kíkan ló máa mú wá. Ìdí nìyí tí ife kan ṣoṣo fi lè korò kó sì tún kan, tí súgà kò ní lè tún un ṣe. Àmọ́ eyín méjì ń ṣe bí ọlọ àti ọmọ ọlọ: kóró gbọ́dọ̀ gba àárín wọn kọjá, àyè tó wà níbẹ̀ ló sì ń pinnu bí yóò ṣe kúnná tó.

Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ti kọfí, ẹ wo eyín ẹ̀rọ dáadáa. Ẹ fi ìka mú ọ̀pá àárín ẹ̀rọ náà, kí ẹ mì í. Bó bá ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, kò lè lọ kọfí dọ́gba. Eyín irin máa ń mú ju ti tánganran lọ. Ti tánganran kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ bó bá jábọ́.

Ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà ṣe é yí ní ìpele kéékèèké, torí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Fún French press, ìyẹn ìkòkò tí a fi ń tẹ kọfí, kí kọfí má kúnná púpọ̀. Fún èyí tí a ń fi bébà sẹ́, kí ó wà láàárín. Fún espresso, ìyẹn kọfí kíki inú ife kékeré, kí ó kúnná gan-an. Bí kọfí bá korò jù, ẹ tú eyín ẹ̀rọ ní ìpele kan. Bó bá kan, ẹ fún eyín náà mọ́ra.

Lọ́dọ̀ wa tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tọwọ́ ni mo fara mọ́. Owó tó ra ẹ̀rọ oníná tí kò jọjú á ra tọwọ́ tó gbámúṣé, torí kò sí mọ́tò nínú rẹ̀. Nínú àwọn tọwọ́, Timemore ti Ṣáínà kì í wọ́n púpọ̀. Comandante ti Jámánì wọ́n gidi. Gíráàmù 15, tó tó fún omi bíi mìlílítà 240, kì í pẹ́ lọ̀. Peugeot tí a mọ̀ mọ́ mọ́tò Pijó pàápàá ti ń ṣe ẹ̀rọ ìlọkọfí tọwọ́ láti 1840, kí wọ́n tó ṣe mọ́tò kankan. Bí ẹbí bá sì fi oníná ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná: fóòtì 120 ni tiwọn, tiwa lé ní 220.

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ máa fi nu eyín irin, kì í ṣe omi. Èyí tó ní abẹ tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ègúsí àti ata gbígbẹ ni kí ẹ máa fi lọ̀, kí ẹ má sì da kóró kọfí sí i mọ́.