Fíríìjì Onílẹ̀kùn Méjì: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ènìyàn Yàn Án àti Bí Ó Ṣe Lè Mọ Ohun tí Ó Ń Ṣe É

Ó máa ń dun ènìyàn púpọ̀ kí ó kó èésú tí ó ti ń dá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, kí ó fi ra ẹrù kan, kí ẹrù náà sì dé ẹnu ọ̀nà ilé kí ó má lè wọlé. Báyìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn tí wọ́n ra fíríìjì ńlá onílẹ̀kùn méjì, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ní apá òsì ni nǹkan ti sábà máa ń dì gbagidi. Ní apá ọ̀tún ni ó ti ń tutù láìdì. Ẹrù tí ó lẹ́wà ni, ó sì wúlò fún ilé tí ó bá bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní láti kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, àti irú iná mànàmáná tí ó ń dé àdúgbò rẹ̀, kí ó tó wo bí ara fíríìjì náà ti ń dán.

Irú fíríìjì yìí sábà máa ń fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, ó sì máa ń ga tó 175 sí 180. Ẹnu ọ̀nà yàrá púpọ̀ kò fẹ̀ ju 75 tàbí 80 lọ. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni wọn yóò fi gbé e wọlé, bí ìwọ̀n rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, oníṣẹ́ ní láti tú àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò ná. Kí ènìyàn mú téèpù, kí ó wọn gbogbo ẹnu ọ̀nà àti kọ̀rọ̀ tí ẹrù náà yóò gbà kọjá, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì mú ìwé náà lọ sí ọjà. Bí wọ́n bá fi fíríìjì náà dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, kí wọ́n gbé e dúró fún odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó fi iná sí i, kí òróró inú ẹ̀rọ rẹ̀ lè padà sí àyè rẹ̀.

Iṣẹ́ fíríìjì ni láti fa ooru tí ó wà nínú oúnjẹ jáde, kí ó sì dà á síta láti ara àwọn páìpù tí ó wà ní ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ibẹ̀ yóò rí i pé ó ń gbóná. Bí wọ́n bá tì í mọ́ ògiri, ooru náà kò ní ibi tí yóò gbà. Ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, owó iná yóò pọ̀, ẹ̀rọ yóò sì tètè gbó. Àyè bíi 5 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó kéré jù, bí ìwé tí ó bá a wá kò bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù kì í ṣe ibùgbé rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ràn irú fíríìjì yìí gan-an, a máa ṣírò lítà bíi 110 sí 170 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń ra oúnjẹ. Ní ilé tí wọ́n ti ń ra ata àti ẹ̀fọ́ láràárọ̀, ìṣirò náà ti pọ̀ jù. Ìdajì rẹ̀ lè tó. Bí fíríìjì náà tilẹ̀ gba lítà 500 sí 700, tóóró ni apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n fi se ọbẹ̀ ìkómọjáde kì yóò wọ apá òsì, àfi kí wọ́n bu ọbẹ̀ náà sínú abọ́ kéékèèké. Páálí ẹja oníṣòwò ẹja dídì kì yóò wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni fíríìsà tí ó rí bí àpótí, tí ìdérí rẹ̀ ń ṣí sókè. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ: bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn gígùn, òtútù a ṣàn jáde bí omi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí ìdérí àpótí, púpọ̀ nínú rẹ̀ a dúró sí ìsàlẹ̀.

Ìwé pélébé kan wà lára fíríìjì kọ̀ọ̀kan tí àwọn tí ń rà á kì í sábà kà. Lẹ́tà T lórí rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ bí ooru yàrá bá tó dígírì 43. Èyí tí ó ní N kò lè fara da ju 32 lọ, ooru ilẹ̀ Yorùbá sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fóltì tún wà níbẹ̀. Iná Nàìjíríà jẹ́ fóltì 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí ọmọ bá fi fíríìjì ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná tààrà, jíjó ni yóò jó, ìfẹ́ ọmọ náà kò sì lè gbà á sílẹ̀. Èyí tí ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní wàhálà yìí.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ gbéra, iná tí ó ń fà ju èyí tí ó ń lò lẹ́yìn náà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń gbé tẹlifísàn kì í fi í lè gbé e. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ léraléra ni ó sì ń bà á jẹ́ jù. Sítẹ́bíláísà tí ń dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ó tó jẹ́ kí iná wọlé ni ó yẹ é. Bí iná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ilẹ̀kùn. Apá ọ̀tún lè di òtútù rẹ̀ mú fún bíi wákàtí 4; apá òsì tí ó bá kún lè dì í mú fún bíi ọjọ́ 2, bí ó bá sì kún dé ìdajì, ọjọ́ kan. Lẹ́yìn èyí, ẹran, ẹja, wàrà tàbí ọbẹ̀ tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, dídànù ni. Ìyá ilé lè rò pé bí òun bá gbé e kaná kí ó hó dáadáa, ó parí. Iná a pa kòkòrò; ṣùgbọ́n oró tí irú kòkòrò kan ti tu sínú oúnjẹ kì í tán bí ó ti wù kí ó hó tó, ara ọmọdé kò sì le bí ti àgbà láti gbà á.

Àìsàn fíríìjì yìí tí ó ń jẹ owó àwọn ènìyàn jù ni kí apá òsì máa dì, kí apá ọ̀tún má tutù. Ojú ẹsẹ̀ ni oníṣẹ́ mìíràn yóò sọ pé gáàsì ti tán. Kí onílé má tètè gbà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, apá òsì nìkan ni òtútù ti ń wá, láti ara àwọn páìpù tí ó wà lẹ́yìn pátákó inú rẹ̀. Fáànù kékeré kan ni ó ń fẹ́ díẹ̀ nínú òtútù náà gba ihò kan kọjá sí apá ọ̀tún. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n tò dí ihò náà. Ó lè jẹ́ pé fáànù ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé yìnyín ti bo àwọn páìpù náà mọ́lẹ̀, nítorí ohun kékeré tí ń gbóná níbẹ̀ láti yọ́ ọ lóòrèkóòrè ti bàjẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí onílé lè fi mọ̀ láìná kọ́bọ̀. Kí ó kó oúnjẹ jáde, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, kí ó sì tẹ́ àkísà sílẹ̀ de omi. Bí ó bá tún tan án, tí apá ọ̀tún tutù fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó tún gbóná, ohun tí ń yọ́ yìnyín ni kí oníṣẹ́ wò. Kí wọ́n má fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín náà: bí ọ̀bẹ bá lu páìpù, gáàsì yóò sá lọ ní tòótọ́.

Bí apá méjèèjì bá gbóná, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lára àwọn páìpù ìta. Kí wọ́n fi ìwé kan há ẹnu ilẹ̀kùn, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sì fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn kò dì mọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ró kẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìgbéra, iná lè ti lọ sílẹ̀ jù, tàbí kí ohun tí ń ta á jí ti jó.

Gáàsì fíríìjì kì í jó tán bí epo kẹrosíìnì. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ni ó ń yí kiri. Bí ó bá dínkù, ó ní ibi tí ó ti ń jò, oníṣẹ́ tí ó bá sì rọ òmíràn sí i láìkọ́kọ́ wá ojú ihò náà yóò tún padà wá gba owó. Bí wọ́n bá kọ R600a sára ẹ̀rọ náà, gáàsì tí ń gbiná ni: ìta gbangba ni kí wọ́n ti tún un ṣe, kí fìtílà tàbí sìgá má sì sún mọ́ ọn.