Bí A Ti Í Pe Aago àti Ọjọ́ ní Èdè Jàpáànì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ènìyàn bá ti mọ oókan dé ẹẹ́wàá ní èdè Jàpáànì, tí ó sì rò pé òun lè fi í pe ọjọ́ inú oṣù, ní ọjọ́ kìíní gan-an ni yóò ti ṣìnà. Ìdí rẹ̀ ni pé oríṣi òǹkà méjì ni ó wà ní èdè náà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà láyé àtijọ́: ichi, ni, san. Èkejì ni ti àwọn baba wọn: hitotsu, futatsu, mittsu. Òǹkà Ṣáínà ni a fi ń pe aago. Òǹkà àwọn baba ni ó jókòó sínú ọjọ́ kejì títí dé ìkẹwàá oṣù.

Ti aago kò le. A ó pe iye, a ó sì fi ji tì í: ichiji ni aago kan, niji ni aago méjì, sanji ni aago mẹ́ta. Kí a ṣáà ṣọ́ra fún aago mẹ́rin, yoji, aago méje, shichiji, àti aago mẹ́sàn-án, kuji. Inú mi dùn láti rí i pé ètò ọ̀rọ̀ wọn bá tiwa mu: sanji han ni aago mẹ́ta ààbọ̀, sanji juppun mae sì ni aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n gozen, èyí tí í ṣe ṣáájú ọ̀sán, àti gogo, lẹ́yìn ọ̀sán, ni ó ń ṣíwájú aago. Ẹṣin ni go inú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹranko méjìlá ni wọ́n fi ń sọ ìgbà lójúmọ́ lórúkọ nígbà kan rí, ọ̀sán gangan sì bọ́ sọ́wọ́ ẹṣin.

Ọjọ́ oṣù ni iṣẹ́ wà. Tsuitachi ni ọjọ́ kìíní. Láti inú tsuki, òṣùpá, àti tachi, ìdìde, ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé oṣù lé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni futsuka, mikka, yokka, itsuka, muika, nanoka, yōka, kokonoka, tōka. Láti ìkọkànlá a ó padà sí òǹkà Ṣáínà, jūichinichi, àfi ìkẹrìnlá, jūyokka, ogúnjọ́, hatsuka, àti ìkẹrìnlélógún, nijūyokka, tí wọ́n kọ̀ láti yí padà.

Ẹ wo yokka, ọjọ́ kẹrin, àti yōka, ọjọ́ kẹjọ. Nínú ti ìṣáájú a ó sé èémí díẹ̀ kí a tó pe ka. Nínú èkejì a ó fa yo gùn. Ẹni tí a pè sí ìdánwò ní yōka tí ó lọ ní yokka, ìrìn àjò rẹ̀ nìkan ni ó ṣòfò. Ẹni tí a pè ní yokka tí ó lọ ní yōka yóò bá yàrá òfìfo. Nítorí náà n kò fara mọ́ ọn pé kí olùkọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó kí ó sì kọjá lọ. Ẹnu ni kí a fi kọ́ ọ. Kí olùkọ́ máa bèèrè ní àràárọ̀ pé, Kyō wa nannichi desu ka, èyíinì ni, ọjọ́ kelòó oṣù ni òní, kí ọmọ kan sì dáhùn.

Mikka lè jẹ́ ọjọ́ kẹta, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Bí a bá fẹ́ kí ó dájú pé iye ọjọ́ ni, a ó wí pé mikkakan. Tsuitachi kò rí bẹ́ẹ̀. Ichinichi ni ọjọ́ kan.

Orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rọrùn: nichi, oòrùn, fún Ọjọ́ Ìsinmi, getsu, òṣùpá, fún Ajé, lẹ́yìn náà ka, iná, sui, omi, moku, igi, kin, wúrà, do, ilẹ̀, fún Àbámẹ́ta. A ó fi yōbi ti ìkọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1873 ni Jàpáànì gba kàlẹ́ńdà tí a ń lò yìí, ní 1876 sì ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ́fíìsì rẹ̀ ní nichiyōbi.

Kinō ni àná, kyō ni òní, ashita ni ọ̀la. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ìjẹta, ototoi, àti ọ̀kan fún ọ̀tunla, asatte, bí àwa náà ti ní in. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ ìkọ̀ọ̀kan.