Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Àṣẹ Yàwòrán

Kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán ilé a tẹ́ tákàdá sórí pátákó, a sì mú rúlà àti pẹ́ńsù. Bí ìlà kan bá wọ́, a fi rọ́bà pa á rẹ́, a sì tún òmíràn fà. Ní oṣù Disẹ́ḿbà 1982 ni ilé-iṣẹ́ Autodesk ní Amẹ́ríkà gbé AutoCAD jáde, tí ó sọ kọ̀ǹpútà di pátákó ayàwòrán.

Ẹnu a máa ya ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jókòó níwájú rẹ̀. Pẹ́ńsù ni ó ń wá. Ohun tí ó rí ni ojú dúdú gbalasa, àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dúró de àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ni yóò fi yàwòrán.

Ká wí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Benson, ní Ìkòròdú, fẹ́ ya yàrá tí ó gùn ní mìlímítà 3600, tí ó sì fẹ̀ ní 3000. Yóò kọ LINE, yóò sì tẹ Enter. Ẹ̀rọ yóò bi í pé níbo ni ìlà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò dáhùn pé 0,0. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ @3600,0, lẹ́yìn náà @0,3000, lẹ́yìn náà @-3600,0, yóò sì máa tẹ Enter tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ C, ìlà ìkẹyìn yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yàrá yóò sì pé.

Àmì @ ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ka ìwọ̀n láti ibi tí ìlà dé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé rẹ̀ nínú ìwọ̀n kejì, ògiri tí ó yẹ kí ó dúró ṣánṣán yóò dábùú yàrá láti igun kan dé èkejì. Ẹ̀rọ kò ní bá a wí, nítorí ohun tí a ní kí ó ṣe gan-an ni ó ṣe.

Lójú kọ̀ǹpútà, U àti Enter tó láti mú àṣìṣe náà kúrò. Ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ọdún pípẹ́ tọ́jú owó kí wọ́n tó ra ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Àwòrán ni bíríkìlà yóò wò gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí kọnkéré bá ti gan, kò sí bọ́tìnì tí yóò tú u.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ìwọ̀n gbogbo sórí tákàdá, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pàṣẹ. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.