GBÍNGBÍN KÚRÓTỌ̀NÙ ALÁWỌ̀ MÈREMÈRE SÍ IWÁJÚ ILÉ ÀTI SỌ́Ọ̀BÙ

Ẹni tí ó bá gba Ládìpọ̀ kọjá ní agbègbè Múṣin yóò rí ẹ́ńjìnnì, táyà àti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí a tò jọ lọ súà. Ohun tí ojú kì í tètè rí níbẹ̀ ni ewé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó ní ìkòkò kan àti àyè kékeré tí oòrùn ń ràn sí tí kò lè ní igi ẹ̀ṣọ́ kan níwájú sọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí kúrótọ̀nù, igi kúkurú tí ewé rẹ̀ ń gbé pupa, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ewé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú igi wo ni?

Láti àwọn erékùṣù Indonéṣíà, Maléṣíà àti Papua New Guinea ni ó ti wá. Linnaeus, onímọ̀ ará Swídìn, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1753. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí ni Codiaeum variegatum. Ẹbí gbágùúdá, lápálápá àti lárà ni í ṣe. Ẹni tí ó bá ti gbin gbágùúdá rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí pé igi ni a ń gé láti fi gbin àwọn méjèèjì. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún: ewé òmíràn fẹ̀, ti òmíràn tínrín bí okùn, ti òmíràn sì lọ́ bí ìwo àgbò.

Gbígbin igi àjèjì kì í ṣe ohun tuntun ní ìhà ibí yìí. Ní ọdún 1887 ni Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìjọba fún ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, kí a lè máa dán irúgbìn ilẹ̀ mìíràn wò níbẹ̀.

Kí ni ó ń mú ewé pa àwọ̀ dà?

Ní ilẹ̀ òtútù bí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, bí oṣù Ọkitóbà bá ti wọlé, ọ̀sán a máa kúrú. Èròjà tí ó mú ewé tutù yọ̀yọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Àwọ̀ ìyeyè tí ó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò hàn síta, àwọn igi mìíràn yóò sì ṣe èròjà pupa tuntun. Lẹ́yìn èyí ni ewé yóò wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pe àsìkò náà ní ìgbà ìwọ́wé. Àwa náà mọ ohun tí ó jọ ọ́, nítorí pé ewé igi fúrúùtù a máa pọ́n kí ó tó já bọ́.

Ṣùgbọ́n igi tí ó ń retí òtútù kí ó tó pa àwọ̀ dà yóò retí títí ní Èkó. Oòrùn ni kúrótọ̀nù ń retí. Ewé tuntun rẹ̀ a sábà yọ ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè. Bí ó ti ń dàgbà nínú oòrùn ni pupa ń hàn lára rẹ̀, kì í sì í torí pé ó pọ́n já bọ́.

Ìtìjú ni èmi tí mo ń kọ èyí fi kọ́ ọgbọ́n náà. Mo ra igi mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá kan tí ń ta òdòdó létí títì, mo sì gbé wọn sí ẹ̀yìn ilé lábẹ́ òrùlé páànù, kí oòrùn má ba à jó wọn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo ewé tuntun tí wọ́n yọ jẹ́ àwọ̀ ewé lásán. Mo fi ìbínú tọ ìyá náà lọ, mo ní, “Ìyá, ẹ rẹ́ mi jẹ.” Ó bi mí pé, “Ọ̀gá mi, ibo lẹ gbé e sí?” Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Ẹ ra igi, ẹ sì fi oòrùn dù ú. Ẹ lọ máa gbé e síta díẹ̀díẹ̀ ná, kí ẹ tó wá bá mi jà.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé àtijọ́ díẹ̀ já bọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yọ tẹ̀ lé e pọ́n dáadáa. Mo padà lọ tọrọ àforíjì, nítorí pé mo ti pe olóòótọ́ ènìyàn ní ẹlẹ́tàn.

Bí a ṣe ń gbìn ín

1. Àsìkò òjò ni ó dára jù. Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún igi gbíngbín. Ilẹ̀ ti tutù tó nígbà náà.

2. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé orí ẹ̀ka tí ó gùn tó ínǹṣì 4 sí 6. Ẹ já àwọn ewé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oje ojú ibi tí ẹ gé gbẹ.

3. Ẹ rì í sínú iyẹ̀pẹ̀ tí a pò mọ́ iyanrìn, kí ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i. Yóò ta gbòǹgbò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

4. Bí ó bá ti ta gbòǹgbò, ẹ lọ̀ ọ́ sí ilẹ̀ tàbí sínú ìkòkò, kí ẹ sì máa gbé e súnmọ́ oòrùn díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 ni kí ó wà láàárín igi kan àti èkejì. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa dára fún un.

Àwa ará Ládìpọ̀ ní láti ṣọ́ra nípa ilẹ̀. Níbi tí a bá ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí, omi àti afẹ́fẹ́ kì í lè dé ibi gbòǹgbò. Ẹ kó erùpẹ̀ dúdú náà kúrò, kí ẹ fi tuntun rọ́pò, tàbí kí ẹ lo ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí. Ẹ má ṣe lo àpótí bátìrì ọkọ̀, nítorí ásíìdì àti òjé tí ó ti wà nínú rẹ̀.

Ìtọ́jú

Bí a bá fi í sílẹ̀, kúrótọ̀nù lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó kúrú kí ó sì dì, kí ó máa gé orí ẹ̀ka rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Níbi tí a bá gé ni ẹ̀ka tuntun yóò ti yọ. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa bomi rin ín déédéé, kí ẹ sì máa fọ eruku kúrò lára ewé. Bí kòkòrò funfun tí ó dà bí òwú bá bò ó, omi ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi dúró nínú àwo ìdí ìkòkò, nítorí ẹ̀fọn.

Ìkìlọ̀ pàtàkì

Oje igi yìí a máa mú ara yún àwọn mìíràn, a sì máa ba aṣọ jẹ́. Bí ọmọdé bá jẹ ewé rẹ̀, ó lè bì. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Orúkọ rẹ̀ sì ti mú kí àwọn kan dà á pọ̀ mọ́ àjẹ́kòbàlé tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lò, nítorí pé Croton ni àwọn onímọ̀ ń pe ìyẹn. Igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ewé kúrótọ̀nù se àgbo. Fún ojú ni a dá a, kì í ṣe fún ẹnu.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí nìdí tí ewé kúrótọ̀nù tí ó wà ní ibòji kì í fi í pọ́n?
2. Irú ilẹ̀ wo ni kò yẹ kí a gbìn ín sí ní àdúgbò wa?
3. Ta ni nínú wa tí ó ní kúrótọ̀nù tí ó lè fún aládùúgbò rẹ̀ ní ẹ̀ka kan nígbà òjò?