Ọgbẹ́ Ojú Kan Tí Í Fọ́ Ojú Méjì

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹ̀gún, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí èérún irin lè gún ènìyàn ní ojú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọgbẹ́ náà lè fọ́ ojú kejì, èyí tí ohunkóhun kò kàn.

Ẹ wo ọ̀ràn Louis Braille, ẹni tí ó ṣe ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà. A bí i ní ọdún 1809 ní Coupvray, ìletò kan nítòsí Paris ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀, gàárì àti ìjánu ẹṣin ni ó ń rán. Ọmọ ọdún 3 ni Louis nígbà tí ó ń fi òòlu baba rẹ̀ ṣeré, òòlu náà yọ̀, ó sì gún un ní ojú kan. Ojú yìí fọ́. Lẹ́yìn náà ni èkejì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó sì di ọmọ ọdún 5, kò ríran mọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé àrùn tí à ń sọ yìí ni. (Ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó bí òòlu ni ó sì fi ń lu àmì ìwé rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà.)

Ní ọdún 1840 ni William Mackenzie, oníṣègùn ojú ní Glasgow, ṣe àpèjúwe àrùn náà ní kíkún, ó sì pè é ní ìbákẹ́dùn ojú. Ṣùgbọ́n ìjà ni, kì í ṣe ìkẹ́dùn. Awọ dúdú kan wà nínú ẹyinjú, tí ó fara pamọ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí ọgbẹ́ bá ṣí i sílẹ̀, wọn a kà á sí àlejò, wọn a gbógun tì í. Níwọ̀n bí irú awọ kan náà sì ti wà nínú ojú kejì, wọn a bá a jà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, nínú mílíọ̀nù 10 ènìyàn, bí ẹni 3 ni ó ń mú ní ọdún kan. Iṣẹ́ abẹ ojú pàápàá lè fà á. Ó sábà máa ń dé láàrin oṣù 3, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ di ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú tí ó dára yóò máa pọ́n, yóò máa ro ni, ìmọ́lẹ̀ yóò máa ni í lára, ìwé kíkà yóò sì ṣòro.

Nítorí náà, bí nǹkan bá gún ojú, ẹ má ṣe fà á yọ, ẹ má ṣe tẹ ojú náà, ẹ má sì ṣe kán àgbo tàbí ọmú sí i. Ẹ fi ife kékeré bò ó láìjẹ́ kí ó kan ẹyinjú, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ojú náà bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, dókítà lè sọ pé kí a yọ ọ́ kí ọjọ́ 14 tó pé. Ọ̀rọ̀ yìí a máa le létí, ṣùgbọ́n ojú tí ó kù ni ó ń fẹ́ dáàbò bò. Bí ó bá sì ṣe pé ó ṣì ń ríran díẹ̀, a kì í kánjú yọ ọ́, nítorí nígbà mìíràn òun ni í padà ríran ju èkejì lọ. Bí àrùn bá ti ran èkejì, oògùn wà tí í mú ìjà náà rọlẹ̀. A lè lò ó fún oṣù púpọ̀, kí aláìsàn má sì ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ojú ti mọ́lẹ̀.